Agbọ̀n Èbù Ráhẹ́lì

Nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Òkè-Ìsà, Jeremáyà ni bàbá ìjọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀wé díẹ̀, ó sì ní ọ̀kan nínú Bíbélì méjì péré tó wà nílùú. Ìwé náà gan-an ló ń dà á lórí rú. Níbì kan, Jésù ní kí a má ṣe búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Níbòmíràn, Ọlọ́run fi ara rẹ̀ búra fún Ábúráhámù. Ṣé ohun tí bàbá ń ṣe ni ọmọ kò gbọdọ̀ ṣe? Nígbà tó sú u, ó mú èyí tó rọrùn láti kọ́ni, ó sì ń sọ fún àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi pé ìbúra kò yẹ onígbàgbọ́.

Ráhẹ́lì wà lára wọn. Opó ni, ọmọ mẹ́ta, tí Tìmótì jẹ́ àkọ́bí wọn, ló sì ń fi oko bọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá rẹ̀ ṣàìsàn ní ìlú kejì. Kó tó lọ tọ́jú rẹ̀, ó gbé agbọ̀n èbù iṣu rẹ̀ pamọ́ sí àká Sólómọ́nì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó padà dé, ó bá agbọ̀n ní ìdajì. Bí kò bá rí èbù gbìn, ebi ni àwọn ọmọ yóò jẹ lọ́dún náà. Ló bá gbé ẹjọ́ lọ bá Jeremáyà.

Òun àti Sólómọ́nì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn ará ìlú, agbọ̀n wà láàrin.

"Ìyá Tìmótì, báwo lọ̀rọ̀ ṣe jẹ́?"

"Agbọ̀n èbù kan ni mo gbé síbẹ̀, Bàbá Ìjọ. Ó kún. Kò kún mọ́."

Sólómọ́nì ní irọ́ ni, ìdajì ló gbé wá. Àwọn ará ìlú ní kí àwọn méjèèjì búra. Láyé tí wọ́n ń fi irin búra, ẹni tó bá kọ̀ ti jẹ̀bi nìyẹn. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo Bíbélì. Sólómọ́nì búra wàràwàrà. Wọ́n wá na ìwé sí Ráhẹ́lì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má búra, Bàbá Ìjọ," ni ó wí. "Ṣé kí n wá búra ni?"

Bí Jeremáyà bá ní kó búra, ó ti sọ ara rẹ̀ di onírọ́. Bó bá ní kó má búra, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò febi pa ọmọ opó. Ó ṣí ìwé, ojú rẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ní ìbúra ló ń fòpin sí iyàn. Ó pa á dé. Ojú ń tì í, ó sì tẹjú mọ́ agbọ̀n.

Sólómọ́nì rò pé wọn ò gba òun gbọ́ ni. Ó tún fi ọ̀run búra, ó fi ilẹ̀ búra, ó fi sàréè bàbá rẹ̀ àti orí àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Jeremáyà kàn ń wo agbọ̀n. Sólómọ́nì tún fi kún un.

"Àwọn ebè mi tó wà létí odò ńkọ́? Bí mo bá gbìn ju ogún lọ nínú èbù ìyàwó yìí, kí wọ́n má hù."

Gbogbo àwọn tó jókòó gbọ́ ọ. Sólómọ́nì nìkan ni kò gbọ́ ohun tó sọ.

"Ogún, bàbá?" ni Ráhẹ́lì rọra bi í.

Ìyá Dọ́káàsì, arúgbó tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú agbọ̀n.

"Láti àárọ̀ lo ti ń bu ọ̀rọ̀ sínú agbọ̀n yìí, Sólómọ́nì. Ìdajì tó wà náà ló ṣì wà. Irọ́ rẹ nìkan ló bá ọ̀rọ̀ náà jáde."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Sólómọ́nì fi kó èbù tirẹ̀ kún un dé ẹnu. Ní ti Jeremáyà, títí ó fi kú ni kò rí ìdí tí Ọlọ́run fi búra fún Ábúráhámù. Bí wọ́n bá bi í, orí ni yóò máa họ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n na ìwé sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ arúgbó yẹn sì ni àwọn àgbà gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní í mú wá.