Rọ́bà Inú Ìkòkò Aró

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwẹ̀ró aláró mọ òwe yìí, àmọ́ kò mọ̀ pé ó kan rọ́bà gígùn tó fi ń fa omi láti ẹnu ẹ̀rọ.

Bó bá ń bu omi sí aró, inú aró gan-an ló máa ń ri ẹnu rọ́bà bọ̀. Lọ́jọ́ kan, omi táǹkì tán nígbà tí rọ́bà ṣì wà nínú ìkòkò. Nísàlẹ̀ àgbàlá, Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, tí wọ́n jọ ń lo táǹkì kan náà, ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀ láti wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ jòjòló.

"Àwẹ̀ró o! Aró ló ń dà lẹ́rọ̀ọ mi!"

Àwẹ̀ró sáré débẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá àgbà ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi náà. Ọmọ kò fara gbá, àmọ́ aró ti mú ọwọ́ ìyá.

"Ẹ má bínú, mà. Nígbà tómi dá, páìpù ló fa aró mi."

"Gbé ẹnu rọ́bà sókè, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín òun àti aró. Páìpù kì í fa ohun tẹ́nu rẹ̀ ò kàn."

Àwẹ̀ró so rọ́bà mọ́ igi lókè ìkòkò lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn àlejò ń bi ìyá àgbà léèrè ẹni tó bá a lé làálì sọ́wọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rọ omi ilé wa ni!"