Ilẹ̀ Tí Ẹyin Kò Fọ́ Lórí Rẹ̀

Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, nígbà láéláé tí gbogbo ọmọ ẹranko ṣì ń ṣeré lórí Àpáta.

"Ìyá, ẹ gbé igbá sílẹ̀. Àlàní ọmọ yín já bọ́ láti orí jangirọ́fà sórí Àpáta. Apá rẹ̀ ti yẹ̀."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ké. Opó tó ń ta ẹ̀kùrọ́, tó ń dá ọmọ kan ṣoṣo tọ́, kì í rí àyè ẹkún. Ó fi ọ̀já di apá ọmọ, ó kọrí sọ́dọ̀ Àpáta.

"Baba Àpáta, igba ẹ̀kùrọ́ lẹ gbà lọ́wọ́ mi kí ọmọ mi tó gun ẹ̀yìn yín. Ẹ ní kò ní fara pa. Ẹ dá ẹ̀kùrọ́ mi padà."

Àpáta rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo ní kó ṣubú? Lọ wá ilẹ̀ tó sàn jù mí. Bí o bá rí i, n ó san án."

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ o."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo ẹranko jọ. Àparò gbé ẹyin mẹ́ta wá.

"Òbu ni o," ni Àparò wí. "N kò ní fi ọmọ mi dán ilẹ̀ wò."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi, ó ju ẹyin kan sórí Àpáta. Ó fọ́ yángá, gbogbo wọn di imú. Ó ju ìkejì sórí Iyanrìn. Kò fọ́. Wọ́n fẹ́ máa jó, àmọ́ ó pe ọmọ Ìgalà, tó ń fi ọ̀pá rìn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ.

"Rìn kọjá níbẹ̀, ọkọ mi."

Ọ̀pá rì, ọmọ há.

"Iyanrìn, o rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ń gbé ọ̀pá mì. Ibi tí ọmọ kan kò bá lè dé, kì í ṣe ibi ìṣeré."

Ó ku Koríko. Láyé ìgbà yẹn, bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú nìyẹn. Ẹyin kẹta bọ́ lé e, kò fọ́. Ọmọ Ìgalà rìn ín já, ó tún rìn ín padà.

"Ìyá, wọ́n á tẹ̀ mí pa," ni Koríko wí.

"Kí lo fẹ́ gbà?"

"Omi, láràárọ̀."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kọjú sí Ìrì tó wà lára ewé. "Ìrì, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá. N ó máa pọn ọ́n wá."

"Koríko, ìwọ náà, bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́ lọ́sàn-án, kí o ti dìde kí ilẹ̀ tó mọ́."

Àwọn ọmọ sá kúrò lórí Àpáta. Àpáta wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀kùrọ́ rẹ wà nínú ihò mi. N kò kàn lọ́wọ́ tí n ó fi kó o jáde ni."

"Èmi ní ọwọ́. Ẹ fẹ̀yìn sílẹ̀, Baba. Orí ẹ̀yìn yín náà ni n ó ti pa ẹ̀kùrọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni koríko ti ń dìde bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí ìrì kì í yẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí a sì ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Lọ́jọ́ náà, Àlàní jókòó sórí koríko, ó ń ka ẹ̀kùrọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pa á. Nígbà tó kà á pé igba, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó pé," ó ní. "Mi ò bá yín jà mọ́, Baba."