Irun Ni Wọ́n Fá, Wọn Ò Rí Ìka Fá

Obìnrin Júù kan wà nígbà ogun Hítílà. Ìyá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì tà ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Pólándì. Àwọn ológun kó gbogbo ilé wọn lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Níbẹ̀, wọ́n fá irun rẹ̀ kodoro, wọ́n sì fín nọ́ńbà sí i lápá. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń pè é. Bí kò bá tètè jẹ́ ẹ, ẹgba ni. Ó jẹ́ ẹ títí ó fi dà bí ẹni tí ìyá kankan kò sọ lórúkọ rí.

Ogun parí. Àwọn tó ṣẹ́gun Hítílà kó àwọn tó ṣẹ́kù, tòun náà, sí ilé kan, wọ́n ń tọ́jú wọn. Wọ́n bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ?" Ó na apá tí nọ́ńbà wà. Orúkọ kò wá sí i lẹ́nu. Láìsí orúkọ, báwo ni ẹbí tó bá kù yóò ṣe wá a rí?

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn obìnrin ń ṣe búrẹ́dì ọjọ́ ìsinmi, èyí tí àwọn Júù máa ń dì bí ẹni dirun. Òun náà bù lára ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo wọn ń dì. Mẹ́fà ni tirẹ̀, ó sì ká ìdí rẹ̀ sókè bí ìrù adìyẹ.

"Ọ̀rẹ́, ṣé ìyàwó lò ń dirun fún ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó tú u, ó fẹ́ di mẹ́ta. Ìka rẹ̀ kọ̀. Ìrù adìyẹ náà tún nà sókè.

Ìyá arúgbó kan dìde. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ilé kan ṣoṣo ló ń dì í báyìí nílùú wa, àwa la sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé Frúmẹ́tì! Àbí ìwọ ni Gítẹ̀lì, olóríkunkun ọmọ yẹn?"

"Èmi ni! Èmi ni Gítẹ̀lì, ọmọ Frúmẹ́tì!" Ó pariwo rẹ̀ títí gbogbo ilé fi dá a lóhùn.

Orúkọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ogun ò pa gbọ́ tó fi wá a rí. Nígbà tó yá, Gítẹ̀lì bí obìnrin, ó sọ ọ́ ní Frúmẹ́tì. Apá tí wọ́n fín nọ́ńbà sí ló fi gbé e.

Ìyàwó ilé wa, ìwọ tó ní oríkì àti ìṣe wa ti di ti ayé àtijọ́, kọ́ ọmọ rẹ ní nǹkan ilé rẹ, kì báà ṣe bí ìyá rẹ ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí ayé bá gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbà á padà.