Ẹni Tó Dín Ohùn Rédíò Rẹ̀ Kù

Ọkùnrin kan wà tí àwọn èèyàn mọ ohùn rẹ̀ ju bí wọ́n ti mọ ojú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, ní ìsọ̀ kékeré kan ní àdúgbò Òkè-Àràbà. Ṣùgbọ́n bí agogo mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù, tí ètò òṣèlú bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, á fi ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, á nu epo ọwọ́ rẹ̀ nù, á sì gbé fóònù. Gbogbo àwọn tó máa ń pe ètò náà ló ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀. Òun ń jẹ́ Ohùn Òkè-Àràbà.

Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, irọ́ kọ́. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Bó bá ń ṣàlàyé ìdí tí ọ̀nà kan ò fi parí láti ayé gómìnà méjì sẹ́yìn, ọlọ́kadà á dúró sẹ́bàá ọ̀nà kó lè gbọ́ ọ parí.

Ó sì ní ohun tó ń lé e. Ìjì ti ṣí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wọn láti ọdún kẹta, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Nítorí èyí ni Fadérera, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ àkọ́bí, ṣe bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ìlú ńlá. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tí ìbò ọdún yẹn ń bọ̀, Fadérera tún ti lóyún oṣù mẹ́ta. Nínú àwọn tó ń dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, obìnrin kan wà tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Ó ní bí òun bá wọlé, òrùlé ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni òun máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọkùnrin yìí gba obìnrin náà gbọ́. Àwọn ará Òkè-Àràbà sì gbà á gbọ́, nítorí pé Ohùn wọn ló sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti pe rédíò rí á mọ̀ pé ohun tí atọ́kùn ètò kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí ẹ dín ohùn rédíò yín kù. Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń pè, ohùn á máa gun orí ara wọn, kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó sọ ló ti máa ń yí tirẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Á sọ̀rọ̀ tán, á dúpẹ́, á gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ará ìtòsí á wọlé wá kí i. Ẹnì kan á ní ó sọ ọ́ bó ṣe wà nínú òun, ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ mọ ibi tó ti kọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Kì í rántí yí rédíò náà sókè mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìpè bá tán ni wọ́n máa ń ka ìkéde: ọmọ tó sọnù, ẹni tó kú, ibi tí iná ò ní dé, ohun tí àjọ elétò ìdìbò fẹ́ kí ará ìlú mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan tó gbé ẹ̀kọ wá fún un ní ìsọ̀, ó ní, "Bàbá Fadérera, ẹ yí i sókè díẹ̀, àsìkò tí wọ́n ń ka ìkéde nìyí."

Ọkọ rẹ̀ dáhùn pé, "Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kà lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rọ̀ tán?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ku oṣù kan ààbọ̀ kí ìbò dé, wọ́n kó káàdì ìdìbò tuntun wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Àràbà, kí àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ wá gba tiwọn. Wọ́n ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn máa parí. Ará ibòmíràn á kàn lọ gba tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí sọ lórí rédíò lọ́jọ́ Ọjọ́rú pé kí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Àràbà má dá lọ. Ó ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn náà ni gbogbo àdúgbò máa jọ jáde, kí ìpínlẹ̀ lè rí bí àwọn ti pọ̀ tó, òun á sì pe ètò láti ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́. Atọ́kùn ní ó dára. Àwọn èèyàn ní ó dára. Wọ́n jókòó de Jímọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ìpè tán, wọ́n ka ìkéde kan. Àjọ náà ní àwọn ti yí ètò padà. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè àwọn á kó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn ní ìjọba ìbílẹ̀, Ọjọ́rú sì ni àwọn máa ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Wọ́n kà á ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kà á ní Jímọ̀, wọ́n kà á ní Mọ́ńdè. Ohùn Òkè-Àràbà sọ̀rọ̀ lórí ètò náà ní àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí rédíò. Bó bá ti sọ tán, wọ́n á pa á kí bátìrì má baà lọ.

Opó kan wà ní àdúgbò náà tí etí rẹ̀ ti ń di. Ó máa ń gbé rédíò kékeré rẹ̀ mọ́ etí bí ẹni gbé ọmọ mọ́ àyà, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́. Kò pe ètò kankan rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi ìnira gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í fi í ṣòfò. Títí wọn á fi ka ìkéde dé orí ẹran ọ̀sìn tó sọnù ló máa ń gbọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ọkùnrin náà.

Ó ní, "Bàbá Fadérera, wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni àwọn oníkáàdì ń lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn géńdé tó jókòó síbẹ̀ ní, "Màmá, lánàá la kí yín pé ẹ kú àárọ̀, tí ẹ ní iyọ̀ ò sí nílé. Ẹ̀yin náà lẹ tún gbọ́ ìkéde?"

Ọkùnrin náà ní kó dákẹ́, torí ó mọ iyì àgbà. Ó wá rọra sọ fún opó náà pé, "Màmá, èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Bí nǹkan bá yí padà, ta ni wọ́n máa sọ fún ṣáájú mi?"

Ìyá àgbà náà wo rédíò tó so kọ́ ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Iná ara rẹ̀ ń tàn, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ padà lọ sílé. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó dá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó gba káàdì rẹ̀, ó sì so ó mọ́ etí ìró.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, bí ogójì èèyàn ló tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Ẹlòmíràn nínú wọn wọ aṣọ ìsìn. Fadérera wà lára wọn, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé géètì ló ti tẹ nọ́ńbà rédíò. Ìgbà tí wọ́n gbé e ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo iwájú dáadáa. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣeré níbẹ̀. Kò sí tábìlì, kò sí oníkáàdì.

Ó ní kí atọ́kùn bá àwọn gbọ́, pé àjọ elétò ìdìbò ti tan Òkè-Àràbà jẹ. Atọ́kùn dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ tiyín tán gan-an la máa ń kà á. Ṣé ẹ kì í dúró gbọ́ wa ni?"

Àwọn kan lẹ́yìn gbé rédíò lọ́wọ́, torí wọ́n fẹ́ gbọ́ bí orúkọ àdúgbò wọn á ṣe dún. Nítorí náà, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó bú u. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Fadérera fara ti ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Àwọn géńdé gun ọ̀kadà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní wọ́n ti parí láti Ọjọ́rú, ó di ìbò mìíràn.

Ní ọjọ́ ìdìbò, àwọn ogójì èèyàn náà jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n ń wo opó náà bó ti ń dá tẹ ọ̀pá kọjá lọ sí ibùdó ìdìbò. Nọ́ọ̀sì náà kò wọlé. Mi ò sọ pé ìbò ogójì èèyàn ni ì bá gbé e wọlé. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òrùlé náà ṣì wà bí ìjì ti fi í sílẹ̀, àti pé nígbà tí oyún Fadérera wọ oṣù keje, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àna ní ìlú ńlá, kó má baà tún bímọ sójú ọ̀nà.

Ọkùnrin náà ṣì ń pe rédíò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ìsọ̀ mọ́. Iwájú ilé opó yẹn ló ń lọ pè é. Bó bá ti sọ tán, ìyá náà á na rédíò tirẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì, wọ́n á jọ gbọ́ ọ títí dé orí ẹran tó sọnù.

Ìwọ tí mò ń pa èyí fún, mi ò sọ pé kí o má sọ̀rọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹnu, kó lò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dín ohùn mìíràn kù ná. Ṣùgbọ́n wo ilé rẹ. O ti sọ fún ọkọ, o ti sọ fún àwọn ọmọ, o sì rò pé nítorí pé ò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò lè sí ohun tí o kò mọ̀ nípa wọn. Wo àdúrà orí eékún rẹ pẹ̀lú. O jí láàárọ̀, o pe Olúwa, Ó gbé e. O sọ ti owó ilé ẹ̀kọ́, o sọ ti ìlera, o sọ ti ìlú àti ti àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀. O ṣe àmín, o sì dìde, o lọ. Ọ̀la ni o tún máa wá sọ tìrẹ.

Ìkéde tí ò ń retí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn àmín, jókòó díẹ̀. Yí i sókè.