Igún Oníná àti Òfin Rẹ̀

Nígbà láéláé, ìyẹ́ orí Igún pọ̀, ó ń dán, ó sì máa ń gbé e kiri bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Òun nìkan ló ń ta iná fún gbogbo ìlú ẹranko. Orí òkè ni iná náà wà. Ilé tó bá fẹ́ dáná gbọ́dọ̀ fún un ní ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, iná tó sì máa gbé fún wọn kì í pẹ́ kú.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an. Adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ, òtútù sì fẹ́ pa wọ́n. Kò ní ẹran. Ó bẹ Igún títí, Igún ní kó lọ fi ìyẹ́ bò wọ́n.

Àánú Adìẹ ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́. Òun ti rí i pé èèpo ẹkùrọ́ máa ń jó pẹ́, ó ní òun náà máa lọ gbé iná wá láti orí òkè, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan lòun sì máa gbà lórí iná tòun. Inú ìlú dùn. Inú Igún nìkan ni kò dùn, ló bá gba ààfin Ẹkùn ọba lọ. Itan ẹran ńlá kan ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Èmi ò sọ pé nítorí ẹ̀ ni ọba fi gbọ́ tiẹ̀ o.

Nígbà tó di àárọ̀, òfin tuntun jáde: ẹni tó bá fẹ́ ta iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orí lásán ru ẹyín iná láti orí òkè dé ààfin, láìsí àpáàdì, láìsí òṣùká. Igún ní kí ìlú má baà jóná ni, ó ní bí òun náà ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Irọ́ gbuu ni. Àpáàdì ló ń lò.

Adìẹ bú sẹ́kún. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tiẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ẹkùn.

“Kábíyèsí, òfin yín dára. Àmọ́ ọmọdé ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rù ú. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá Igún rù ú níṣojú wa, kí n lè kọ́ ọ.”

Igún wúkọ́. Ó ní ọrùn ń dun òun. Ẹkùn wò ó.

“Bàbá, ṣebí ẹ ti ń ṣe é tipẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí.”

“Ó yá, ẹ rù ú.”

Gbogbo ìlú tẹ̀ lé Igún lọ sórí òkè. Ó gbé ẹyín iná lé orí lásán, kò tíì rìn jìnnà tí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi gbaná. Ó da ẹyín iná sílẹ̀, ó figbe ta, ó fò lọ. Iná fọ́n káàkiri, kálukú sì ń fi àpáàdì ṣà á. Adìẹ ló kọ́kọ́ ṣà, ó sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹkùn rẹ́rìn-ín títí, ó ní òfin náà ti parí.

Láti ọjọ́ náà ni orí Igún ti pá. Láti ọjọ́ náà sì ni kálukú ti ń lọ fọnná nílé ẹni tó bá wù ú. Igún nìkan ni ìtìjú kò jẹ́ kó lọ fọnná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ ẹran rẹ̀ ní tútù títí di òní.