Bí Ẹfúnjọkẹ́ Ṣe Gbé Ìyá Rẹ̀ Relé

Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ lé àwọn baba ńlá wa kúrò ní Erékùṣù Àgbọn, oorun kò kun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó kó wọn wá ṣẹrú nínú oko ìrèké ti kógbá wọlé, òmìnira ti dé, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sì ṣófo lórí òkè. Ilé ńláńlá ni, funfun báláú. Àwọn baba wa ló sun ìkarahun òkun di ẹfun tí wọ́n fi kùn wọ́n. Láàárọ̀, bí ìkùukùu bá bo ẹsẹ̀ òkè, ńṣe ni àwọn ilé náà ń dà bí ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú omi. Inú wọn ni àwọn tó dòmìnira kó sí, wọ́n ń sá ẹja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọ̀gá ti ń jó nígbà kan. Àfi bí òyìnbó kan ṣe gúnlẹ̀, tó ní ọ̀gá òun fẹ́ ra gbogbo ilé náà, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ká má purọ́, àwọn baba wa náà lẹ́bi tiwọn. Wọn ò fìgbà kan gbà pé àwọn ti dé ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá kú, etí òkun ni wọ́n ń sin ín sí, bí ẹni tó kú sájò. Wọn á gé irun àti èékánná rẹ̀ sínú igbá, wọn á gbé e sórí àjà, kí ọkọ̀ lè gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkọ̀ kò dé. Igbá kún àjà. Nígbà tí òyìnbó náà bi wọ́n pé, “Níbo ni ilé yín?”, gbogbo wọn nawọ́ sí òkun. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa lọ síbẹ̀, nígbà náà.”

Ẹfúnjọkẹ́ wà níbẹ̀, òun náà sì nawọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ Ojúọlápé, adúró-má-yẹsẹ̀, tí ìjì wó igi àgbọn tí kò wó o. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú èyí tó tóbi jù nínú àwọn ilé náà. Ó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pé, “Jọkẹ́ mi, má jẹ́ kí n ṣàjèjì títí. Gbé mi relé.” Ẹfúnjọkẹ́ sì ti ṣèlérí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá náà dákẹ́. Ẹfúnjọkẹ́ mú abẹ, ó jókòó tì í. Oòrùn gba inú gíláàsì aláràbarà wọlé, ó ń mì lórí irun funfun náà bí omi. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ ilẹ̀kùn síwá sẹ́yìn, pákó ilẹ̀ ń ké, ó sì ṣe é bíi pé ilé náà ń rìn, bíi pé ọkọ̀ tí wọ́n ń retí ti dé tipẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó bọ́ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, ó ń ṣí pákó ilẹ̀ láti gbẹ́ sàréè.

Àjàgbé, àbúrò ìyá rẹ̀, figbe ta. “Ṣé orí rẹ dà rú ni? O fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n mi di àlejò títí ayé!”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí orí bá dá ni sí là á gbé. Níbi tí ẹ ti wá, ṣebí inú ilé lẹ ti ń sin àgbà? Ibi tí a bá sin Ìyá sí lónìí, ilé nìyẹn. Mo ní n ó gbé wọn relé. Mo ń gbé wọn relé ni.” Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Àjàgbé náà mú ọkọ́, ó bá a gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí òyìnbó náà padà wá pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, Ẹfúnjọkẹ́ jókòó lórí erùpẹ̀ tútù sàréè ìyá rẹ̀. “Ẹ tún bi mí pé níbo ni ilé mi.”

Ó bi í. Ẹfúnjọkẹ́ kò na ọwọ́ sí òkun mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Ọmọ ẹrú bíi tiwa ni àwọn ọlọ́pàá náà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kọ̀, wọn ò tẹ orí sàréè. Olówó tó fẹ́ ra àwọn ilé náà gbọ́, ó ní òun ò lè máa jẹun lórí òkú. Kí ó tó wá ilé mìíràn rà, gbogbo ìdílé ti sọ igbá wọn kalẹ̀ lórí àjà, wọ́n sì ti sin ín sí pálọ̀ wọn.

Títí dòní, bí o bá bi ọmọ Erékùṣù Àgbọn pé níbo ni ilé, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fọwọ́ lu ilẹ̀. Ẹfúnjọkẹ́ darúgbó kùjọ́kùjọ́ nínú ilé funfun náà. Nígbà tó kú, ẹnikẹ́ni ò mú abẹ. Gbogbo irun orí rẹ̀ ni wọ́n sin mọ́ ọn.