Ọkùnrin Tó Ń Tún Ẹ̀bùn Àbúrò Rẹ̀ Ṣe

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ, nítorí náà géèmù ni ó fi ń sọ ọ́.

Abọ́sẹ̀dé, má rẹ́rìn-ín. Fa àga yẹn sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ géèmù tí àgbàlagbà ń gbá lórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ, èmi ìyá ìyá rẹ tí n kò ka ìwé kọjá a, b, d. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, tó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Bí ó bá sì ti yé èmi, kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àbúrò lọ sí ìlú òyìnbó, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀gbọ́n wà nílé níbí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ìwọ náà mọ àwọn ọkùnrin. Wọn kì í mọ bí a ti í pe ara ẹni lórí fóònù láti kàn béèrè pé ṣé o ti jẹun. "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni." Ó parí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé, olúkúlùkù á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílùú tirẹ̀, wọ́n á ki íápíìsì sétí, wọ́n á wọ inú géèmù ológun kan, wọ́n á jọ máa sá kiri nínú ìlú kan tí ogun ti tú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣọ́ ẹ̀yìn o!"

"Ẹ̀yìn dà? O ti kú!"

Láàárín ìbọn kan sí èkejì, àbúrò á ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun sinmi. Ẹ̀gbọ́n á ní ọmọ òun ti ń hu eyín. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn nìyẹn.

Iná ni ọ̀tá wọn. Kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ni ti ẹ̀gbọ́n, bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Àbúrò á máa sọ nǹkan tó ká a lára, wọ́n á mú iná, ìyókù ọ̀rọ̀ á di Sátidé mìíràn. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú àbúrò. Ni ó bá ra ẹ̀rọ kékeré kan fi ránṣẹ́, irú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Kò ju àwo ìjẹun lọ. Ojú rẹ̀ ń tàn, bọ́tìnnì wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Èèyàn á gbé e lé itan, á máa gbá géèmù, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ò ní lè yà wá mọ́."

Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ọjọ́ náà gan-an ló gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó fi ta ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ lọ́rẹ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Fọlájìmí, ẹ kò kúkú tíì gbá géèmù yín lórí èyí."

Ó ní, "Ta ló ra bàtà tuntun tó tún ń kó èyí tó ya pamọ́?"

Ó jókòó. Ó pe géèmù wọn. Géèmù kò ṣí.

Wàá bi mí pé kí ló dé. Èmi náà bi í. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà tó ń ṣe olórí ilé, òun ló ń pàṣẹ ohun tí yóò ṣí àti ohun tí yóò pa dé. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, òun ni àwọn tó ṣe géèmù náà ní lọ́kàn, èdè rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n olórí ilé inú ẹ̀rọ kékeré yìí yàtọ̀. Línúùsì ni wọ́n ń pè é. Ó ní Línúùsì kì í ṣe ti olówó kan, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń tún un ṣe, bí ìgbà tí àdúgbò bá jọ gbẹ́ kànga tí ẹnikẹ́ni lè bu omi níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo ní kó tún un sọ.

Nígbà tí géèmù kò ti wá gbọ́ èdè Línúùsì ńkọ́? Ó ní ògbufọ̀ ni wọ́n fi sáàárín. Ohun tí géèmù bá sọ, ògbufọ̀ á tú u fún olórí ilé, á sì gba èsì padà. Ògbufọ̀ náà gbọ́n. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń lọ geere bí ẹni pé inú ilé náà ni wọ́n bí wọn sí.

Ṣùgbọ́n géèmù tiwọn ní aṣọ́bodè. Nítorí àwọn aláìṣòótọ́ tó ń wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi máa rí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà. Kó tó jẹ́ kí o wọlé bá àwọn yòókù, á ní òun fẹ́ tú yàrá rẹ wò. Irú ilé kan ṣoṣo ni ẹ̀ṣọ́ yìí sì mọ̀ ọ́n tú. Bó ṣe bá ògbufọ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ní òun kì í bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ilé tí òun kò bá lè wọ yàrá rẹ̀, onílé ibẹ̀ kò ní wọ tòun.

Nítorí náà, Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ẹni tó rà á kì í ṣe aláìmọ̀-ọ́n-rà. Ọ̀nà kan ni kò tíì là.

Ká ní ẹ̀gbọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ni, ì bá má sí ìtàn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ń rò ó pé ọmọ yìí tọ́jú arúgbó òyìnbó nínú òtútù kó tó rí nǹkan yìí rà, báwo ni òun ṣe máa ní kò ṣí? Nígbà tí Sátidé pé, ó ránṣẹ́ pé, "Àbúrò mi, mo ń tún nǹkan kékeré kan ṣe lórí rẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀."

Bó ṣe di alátùn-únṣe nìyẹn. Ó pààrọ̀ ògbufọ̀, ó mú tuntun, ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ní kọ báyìí báyìí sí i, ẹlòmíràn á ní ta ló ní kó o kọ bẹ́ẹ̀, pa á rẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ní ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ́jọ́ kan ó ń jó kiri pálọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó ti ṣí?"

"Ohùn ti padà."

"Ṣé ohùn ti lọ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Èmi ni mo lé e lọ."

Sátidé ń gorí Sátidé. Àbúrò á ránṣẹ́, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n á ní ó kù díẹ̀. Àbúrò ní, "Ẹ jẹ́ ká kàn sọ̀rọ̀ lásán nígbà náà." Ẹ̀gbọ́n ní, "Má dààmú, jẹ́ kí n ṣe é dé ojú ẹ̀ ná."

Ẹnì kan wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan pé kó da nǹkan bo ògbufọ̀ lójú, kí ẹ̀ṣọ́ má baà dá a mọ̀. Ọkùnrin yìí kò fi ìrẹ́jẹ gbá géèmù rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe ọmọdé. Ó ṣí ohun tó dà bò ó kúrò, ó ní aláìṣòótọ́ nìyí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ orúkọ rẹ̀ pátápátá. Bó bá lọ gba kọ̀ǹpútà àtijọ́ padà pàápàá, orúkọ yẹn kò wọ géèmù náà mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí bò ó bí ẹni bo òkú.

Àbúrò kò béèrè mọ́.

Ó di ọ̀sán Sátidé kan, ìyàwó ń ṣa ẹ̀wà, fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.

"Ajíṣafẹ́!" Orúkọ tó fún un nìyẹn nígbà tó délé ọkọ. "Ẹ kú àtijọ́ o."

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín."

Obìnrin náà tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, ó gbé e lọ sínú yàrá, ó fi sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Obìnrin gidi!

Ohùn náà ń bá a lọ. "Kí ni mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń sọ èdè elédè fún àwọn arúgbó mi. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ẹnu mi máa ń padà wálé. Láti ìgbà tí mo ti fi ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́, mi ò gbóhùn wọn mọ́. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá má rà á."

Abọ́sẹ̀dé, ṣé o gbọ́? Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ò ṣí géèmù wọn. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rọ gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ òun.

Ọkùnrin náà já fóònù gbà. Ó ní, "Àbúrò mi, géèmù yẹn kò ṣí. Kò ṣí lórí rẹ̀ rí. Mo tún wá ba orúkọ mi jẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti lé mi."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àbúrò rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Géèmù yẹn? Èmi tí mo máa ń kú kí n tó dé ìkóríta? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn rẹ̀ o, èmi kàn ń tẹ̀ lé yín ni!" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá ń ṣí lórí rẹ̀?"

"Lúdò ń ṣí."

"Lúdò kẹ̀! Ẹ ṣí i. Èmi ni mo ni pupa."

"Irọ́ ni. Láti kékeré, èmi ni mo máa ń mú pupa."

"Àgbà lẹ fi ń rẹ́ mi jẹ nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà!"

Lúdò ṣí. Kò wá ògbufọ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo gba ilé. "Mo jẹ ẹ́! Padà sílé, lọ dúró de mẹ́fà!" "Ẹ máa yọ̀, ẹ óò sunkún láìpẹ́!" Nígbà tó ṣe, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, láàárín mẹ́fà kan sí òmíràn, àbúrò ní ìyá àgbà kan tí òun ń tọ́jú, tó máa ń fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ pe òun, ti kú. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tí òun máa sọ ọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Irú èèyàn wo ni ìyá náà?" Àbúrò sì ròyìn rẹ̀ fún un.

Ìyàwó yọjú sínú yàrá. Ó ní, "Bàbá Fọlájìmí, ṣé nínú òkùnkùn lẹ jókòó sí? Iná ti lọ láti ìgbà tí mo ti gbé ẹ̀wà kaná."

Kò mọ̀. Ojú ẹ̀rọ náà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Ohun tí àbúrò rẹ̀ tìtorí rẹ̀ rà á, ẹ̀rọ náà ti ń ṣe é tipẹ́.

Ẹnu ọ̀nà géèmù ọjọ́sí ṣì wà ní títì o. Bóyá yóò là lọ́la, àwọn tó ń gbẹ́ kànga Línúùsì náà kò tíì kó ṣọ́bìrì wọn. Àwọn méjèèjì kò dúró dè é.

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó wà ní Ìkìrun ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọ, irú tuntun tó ń fúnra rẹ̀ kó iṣẹ́ sára aṣọ. Ó ń já òwú mọ́ ọ lọ́wọ́, oníbàárà kan bínú gba aṣọ rẹ̀, o ti ṣọ́ọ̀bù pa. Láti ìgbà yẹn, bí Màmá Ìkìrun bá pè, o kì í gbé e. O ní ó kù díẹ̀, tó bá ti gún régé, wàá lọ kí wọn. Àárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí. Wọn kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, wọn kò mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí ni mo fi ṣe Abọ́sẹ̀dé?"

Má sunkún. Ta ló ní kó o sunkún? Jẹun ná, kí o wẹ̀, kí o lọ sí gáréèjì. Má mú aṣọ kankan tí ẹ̀rọ bà jẹ́ dání láti fi ṣe ẹ̀rí. Bí o bá débẹ̀, kúnlẹ̀, sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kò tíì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, jókòó tì wọ́n. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa sọ̀rọ̀ títí wọn á fi mú iná lọ, kí ẹnì kankan nínú yín má sì mọ̀.